Ohun Tí Bọ́tìnnì Ń Sọ fún Ẹ̀rọ

Ẹ ti mọ ìwé kà. Ẹ ti mọ bí a ti ń fi bíìrò kọ orúkọ àti iye owó. Nísinsìnyí, àwọn kan nínú yín ti ń fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tí àwọn tí ó gbọ́ Faransé ń pè ní ordinateur. Ẹ̀kọ́ òní dá lórí ohun kan tí ó máa ń dẹ́rù ba àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé títẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kajú kan jókòó nídìí ẹ̀rọ ní Arigbo, ní ẹsẹ̀ òkè Dassa-Zoumè. Ó ń kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti iye kìlò kajú tí olúkúlùkù mú wá. Ètò ìkọ̀wé tí ó ń lò ni vi, ọ̀kan nínú àwọn tí ó pẹ́ jù tí àwọn ènìyàn sì ń lò títí di òní. Ó rí i pé òun ti ṣi orúkọ kan kọ ní ìlà òkè. Ó tẹ bọ́tìnnì ọfà tí ó kọjú sókè. Dípò kí àmì ìkọ̀wé gòkè, ìlà tuntun kan yọ, lẹ́tà A sì dá dúró sínú rẹ̀. Ó tẹ ọfà tí ó kọjú sísàlẹ̀, B yọ. Ó tẹ ti ọ̀tún, C yọ. Ó tẹ ti òsì, D yọ. Ìwé tí ó ti fi àárọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú lójú rẹ̀. Ó rò pé òun ti ba ẹ̀rọ jẹ́, ó sì dìde kúrò nídìí rẹ̀.

Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Kò sì sí ẹni tí ó ṣe é léèdì. Ẹ̀rọ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún un, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ ní àgbọ́yé mìíràn. Bí ẹ bá mọ ìdí rẹ̀, ẹ kò ní sá fún un mọ́.

NỌ́MBÀ NI Ẹ̀RỌ MỌ̀

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́mbà ni ó mọ̀. Nígbà tí ẹ bá tẹ A, ẹ̀rọ kò rí ẹsẹ̀ méjì àti igi tí ó dábùú láàárín. Nọ́mbà 65 ni ó rí. B jẹ́ 66, C jẹ́ 67. A kékeré, ìyẹn a, jẹ́ 97. Ìlànà tí ó pín nọ́mbà wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní ASCII. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e jáde ní ọdún 1963, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 1967. Nọ́mbà inú rẹ̀ jẹ́ 128, láti 0 títí dé 127.

Nínú 128 yìí, 33 kì í ṣe lẹ́tà rárá. Iṣẹ́ ni wọ́n dúró fún. Nọ́mbà 9 ni bọ́tìnnì Tab. Nọ́mbà 13 ni bọ́tìnnì tí ń mú wa lọ sí ìlà tuntun, èyí tí wọ́n kọ Entrée sí lára kíbọ́ọ̀dù Faransé. Nọ́mbà 27 ni Esc. Ẹ fi 27 yìí sọ́kàn. Lórí kíbọ́ọ̀dù tí a ń rí ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ óò rí i ní igun òkè lápá òsì, tí wọ́n kọ Échap sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àléébù kan. Àwọn tí ó ṣe ìlànà náà kò fi àyè sílẹ̀ fún bọ́tìnnì ọfà. Kò sí nọ́mbà fún ọfà òkè, kò sí fún ọfà ìsàlẹ̀, kò sí fún F1 tàbí F2. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń rò nígbà náà, nítorí náà kò sí àyè fún ẹ, ọ àti ṣ tiwa pẹ̀lú. A óò padà sórí ìyẹn.

AGOGO AKÉDE

Báwo ni a ṣe lè sọ ohun tí kò ní nọ́mbà tirẹ̀? Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Bob Bemer, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ IBM, ti ronú lórí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1960. Ohun tí ó dábàá ni pé kí á yan nọ́mbà kan sọ́tọ̀ tí yóò máa kéde pé, ohun tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Nọ́mbà náà ni Esc, 27.

Ẹ̀yin náà mọ irú ètò yìí láti ìlú yín. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ láàárín ìlú láti àárọ̀ títí di alẹ́, kò sì sí ẹni tí ó ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí akéde bá lu agogo, ènìyàn á gbé etí sókè. Gbólóhùn tí ó bá tẹ̀lé agogo kì í ṣe ọ̀rọ̀ òun nìkan mọ́, ọ̀rọ̀ ọba ni. Esc ni agogo náà.

Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Digital Equipment Corporation ta ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní VT52. Ní ọdún 1978, wọ́n ta èyí tí ó lókìkí jù, VT100. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní terminal. Ó ní ojú bíi tẹlifísàn, ó sì ní kíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Wáyà ni ó fi ń bá kọ̀ǹpútà ńlá sọ̀rọ̀, nọ́mbà kan tẹ̀lé òmíràn. Bí ẹ bá tẹ ọfà òkè lórí VT52, yóò fi nọ́mbà méjì ránṣẹ́: Esc, lẹ́yìn náà A. Lórí VT100 wọ́n di mẹ́ta: Esc, lẹ́yìn náà àkámọ́ onígun tí ó ṣí sí ọ̀tún, ìyẹn [, lẹ́yìn náà A. Ní nọ́mbà, 27, 91, 65. Ọfà ìsàlẹ̀ parí sí B, ti ọ̀tún parí sí C, ti òsì parí sí D.

Ibi tí A, B, C àti D ti wá nìyẹn o. Wọ́n wà nínú ìkéde náà tẹ́lẹ̀. Akọ̀wé wa kò rí wọn rí nítorí pé, nígbà tí nǹkan bá ń lọ déédéé, ètò ìkọ̀wé máa ń gbé ìkéde náà mì, yóò sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ rẹ̀ han ẹnikẹ́ni.

VT100 kò sí lọ́jà mọ́. Ohun tí a ní lónìí ni ètò orí kọ̀ǹpútà tí ó gbé ẹ̀kú VT100 wọ̀, tí ó ń jó bí i tirẹ̀. Xterm, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1984, jẹ́ ọ̀kan. PuTTY jẹ́ òmíràn. Lórí fóònù Android, Termux wà, ó sì ní ìlà bọ́tìnnì kékeré kan tí ó ní ESC àti ọfà, nítorí pé kíbọ́ọ̀dù fóònù kì í ní wọn. Ẹ̀rọ ti yí padà, ṣùgbọ́n ohùn agogo kò yí padà.

Bí ẹ bá tẹ ọfà òkè tí ẹ sì rí ^[[A lójú ẹ̀rọ, ẹ má ṣe rò pé ìdọ̀tí ni. Àmì méjì àkọ́kọ́, ^[, ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń kọ Esc sílẹ̀ kí ojú lè rí i. Èyí tí ó kù ni [ àti A. Ìkéde ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbà á, ni ẹ̀rọ bá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti gbọ́ ọ.

TA NI Ó LU AGOGO?

Ọ̀ràn náà ì bá ti parí síbí, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì Esc fúnra rẹ̀ wà lórí kíbọ́ọ̀dù. Ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Nínú vi, dandan ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, nítorí vi ní ipò méjì. Ní ipò ìkọ̀wé, lẹ́tà tí ẹ bá tẹ̀ yóò wọ inú ìwé. Ní ipò àṣẹ, lẹ́tà tí ẹ bá tẹ̀ jẹ́ àṣẹ. Esc ni ẹ fi ń kúrò ní ipò ìkọ̀wé lọ sí ipò àṣẹ.

Nítorí náà, nígbà tí nọ́mbà 27 bá dé, ètò ìkọ̀wé wà ní oríta. Ṣé ènìyàn ni ó tẹ Esc? Àbí ọfà ni ó ń bọ̀? Ó dà bí ìgbà tí agogo dún lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ilé. Ṣé akéde ni, àbí ọmọdé ni ó ń fi agogo ṣeré? Kò sí ọ̀nà tí ẹ fi lè mọ̀ ju pé kí ẹ dúró díẹ̀. Bí ohùn bá tẹ̀lé e, akéde ni. Bí ohunkóhun kò bá tẹ̀lé e, ọmọdé ni.

Ohun tí ètò ìkọ̀wé ń ṣe gan-an nìyẹn. Ó ń dúró. Kò ní ọgbọ́n mìíràn. Ibi tí ìjà wà ni bí yóò ti pẹ́ tó. Ncurses, àkójọ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ètò ìkọ̀wé ń lò, máa ń dúró fún odidi ìṣẹ́jú-àáyá kan bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un pé kí ó yí i padà. Vim, ọmọ vi tí Bram Moolenaar gbé jáde ní ọdún 1991, ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fún ọdún púpọ̀. Láti ìgbà tí Vim 8 ti jáde ní ọdún 2016, wọ́n dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá nínú ètò tí ó bá a wá. Neovim ṣe ìdajì ìyẹn.

Ẹ óò sọ pé, kí ni ìṣẹ́jú-àáyá kan já mọ́? Ẹ wo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá fẹ́ fi orúkọ kan kún ìwé. Ó tẹ Esc. Ó tẹ O ńlá, tí í ṣe àṣẹ pé kí vi ṣí ìlà tuntun. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Abeni. Esc, O, A. Bí a ti ń wí yìí, VT100 ní ọ̀nà kejì tí ó fi ń kéde ọfà òkè, Esc, O, A ni ọ̀nà náà, ètò ìkọ̀wé púpọ̀ ni ó sì máa ń sọ fún terminal pé kí ó lo ọ̀nà kejì yìí. Ètò tí ó ń dúró pẹ́ rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀, ó ní, ọfà òkè nìyí. Àmì ìkọ̀wé gòkè lọ sí ìlà ẹlòmíràn, beni sì wọ àárín orúkọ onítọ̀hún. Ìyá tí ó gbé kajú rẹ̀ lé orí wá kò ní ìlà nínú ìwé mọ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń pín owó, akọ̀wé ni wọn yóò bi léèrè.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ètò náà kò dúró tó ńkọ́? Ìyẹn ni ó ṣe akọ̀wé wa lẹ́ẹ̀kan. Vi àtijọ́, tàbí Vim tí wọ́n fi sí ìwà àtijọ́, kì í dúró fún ọfà rárá nígbà tí ẹ bá wà ní ipò ìkọ̀wé. Ó gbọ́ Esc, ó kúrò ní ipò ìkọ̀wé. Ó gbọ́ O, ó ṣí ìlà tuntun, ó sì padà sí ipò ìkọ̀wé. Ó gbọ́ A, ó kọ A. Ẹ rí i pé kò ṣe àṣìṣe kankan. Ohun mẹ́ta ni ó gbọ́, ohun mẹ́ta ni ó ṣe.

Ọ̀nà jíjìn tún ń dá kún un. Bí ẹ bá wà ní Dassa tí ẹ sì ń lo kọ̀ǹpútà tí ó wà ní Cotonou lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́mbà mẹ́ta ọfà yóò rin nǹkan bí 200 kìlómítà. Wọn kì í sábà pínyà, ṣùgbọ́n bí ìlà kò bá dára, ó lè rí bí ìgbà tí ẹni mẹ́ta jọ dúró ní oríta Dassa tí takísì tí ó kọ́kọ́ dé kò ní ju àyè ẹnì kan lọ. Esc wọ takísì àkọ́kọ́. O àti A dúró de èkejì. Ní Cotonou, Esc dé lóun nìkan, wọ́n dúró dè é títí, wọ́n ní kò mú ẹnìkan wá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí àwọn ìyókù dé, àlejò tí a kò mọ̀ ni wọ́n. Nítorí náà, ẹni tí ìlà rẹ̀ kò dára gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ètò rẹ̀ dúró pẹ́ díẹ̀, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ lè dín ìdúró náà kù. Kò sí iye kan tí ó bá gbogbo ènìyàn mu.

LẸ́TÀ WA GBỌ́N JU ỌFÀ LỌ

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí ẹ. Ní ọdún 1992, Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ìlànà tí wọ́n ń pè ní UTF-8, èyí tí ó jẹ́ kí lẹ́tà gbogbo èdè ayé rí àyè nínú kọ̀ǹpútà. Nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ nọ́mbà mẹ́ta: 225, 186, 185. Ọfà òkè náà jẹ́ nọ́mbà mẹ́ta. Kí ló dé tí ẹ kì í fi í da ètò ìkọ̀wé láàmú bí ọfà?

Ìdí ni pé nọ́mbà àkọ́kọ́, 225, ń sọ iye tí wọ́n jẹ́. Gbàrà tí ó bá dé ẹnu ọ̀nà ni yóò wí pé, mẹ́ta ni wá, ẹ má tíì ti ilẹ̀kùn. Ètò ìkọ̀wé yóò dúró de méjì tí ó kù, kò ní wo aago. Esc kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ òun nìkan, ó lè jẹ́ méjì, ó lè jẹ́ márùn-ún. Ní ojú tèmi, àléébù gbogbo ọ̀ràn yìí kò ju èyí lọ.

Bí a bá fi àmì ohùn sórí ẹ, tí ó di ẹ́, nọ́mbà méjì yóò tún kún un, 204 àti 129, gbogbo rẹ̀ á sì di márùn-ún. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ètò kan tí àmì ohùn nìkan yóò lọ tí ẹ yóò ṣẹ́ kù.

Ohun kan tún wà tí àwa ará Bẹ̀nẹ̀ gbọ́dọ̀ kíyè sí. Ìlànà álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ní ọdún 1975 kọ ohùn yìí ní ɛ, kì í ṣe ẹ bí ti Nàìjíríà. Ohùn kan náà ni lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n nọ́mbà wọn yàtọ̀. ɛ jẹ́ 201 àti 155. Bí akọ̀wé kan bá fi ẹ kọ orúkọ, tí èkejì sì fi ɛ wá a, ẹ̀rọ yóò ní kò sí. Kí ẹgbẹ́ yan ọ̀kan, kí gbogbo akọ̀wé sì máa lò ó.

ÈDÈ WO NI TERMINAL Ń SỌ?

Kì í ṣe gbogbo terminal ni ó ń lu agogo bákan náà. Ará Dassa, ará Savè àti ará Kétou lè gbọ́ ara wọn, síbẹ̀ olúkúlùkù ní bí ó ti ń pe nǹkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni terminal. F1 nínú xterm jẹ́ Esc, O, P. Lórí ojú dúdú Linux tí kò ní fèrèsé, F1 jẹ́ Esc, [, [, A.

Bill Joy, tí ó kọ vi ní ọdún 1976, ṣe ìwé atúmọ̀ kan fún èyí, ó pè é ní termcap. Mark Horton ṣe terminfo lẹ́yìn rẹ̀. Terminal yóò sọ orúkọ rẹ̀, ètò ìkọ̀wé yóò ṣí ìwé náà, yóò sì wo ohun tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń sọ ní èdè yẹn. Ibi tí orúkọ náà wà ni TERM. Bí terminal bá purọ́ orúkọ rẹ̀, ojú ìwé tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ètò ìkọ̀wé yóò ṣí, bọ́tìnnì mìíràn yóò sì dákẹ́ tàbí kí ó sọ ìsọkúsọ.

Bill Joy fúnra rẹ̀ kò ní ìṣòro ọfà. Terminal tí ó ń lò, ADM-3A, kò ní bọ́tìnnì ọfà lọ́tọ̀. Ara h, j, k àti l ni wọ́n ya ọfà sí. Ìdí nìyí tí h fi ń lọ sí òsì nínú vi, tí j ń lọ sísàlẹ̀, tí k ń lọ sókè, tí l ń lọ sí ọ̀tún, títí di òní. Lẹ́tà lásán ni wọ́n, wọn kò nílò agogo, wọn kì í sì í fọ́ lójú ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lórí ìlà tí kò dára, wọ́n sàn ju ọfà lọ.

Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, Kovid Goyal, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ó ṣe terminal kan tí ń jẹ́ kitty, gbé ìlànà tuntun jáde. Nínú rẹ̀, bọ́tìnnì Esc fúnra rẹ̀ ní ìkéde tirẹ̀: Esc, [, 2, 7, u. Kò sí àmẹ̀hìn mọ́. Ṣùgbọ́n àfi kí terminal àti ètò ìkọ̀wé jọ gbọ́ ọ.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Bí A, B, C tàbí D bá yọ sínú ìwé yín, ẹ tẹ Esc, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ sì tẹ u kékeré. Vi yóò mú ohun tí ó ṣe kẹ́yìn kúrò. Lẹ́yìn náà, nínú Vim, ẹ kọ :set nocompatible kí ẹ sì tẹ Entrée. Ọfà yóò ṣiṣẹ́, ẹ óò sì lè máa tẹ u títí ìwé yóò fi padà sí bí ó ti wà.

Nísinsìnyí, ẹ ṣí terminal, ẹ kọ cat -v, ẹ tẹ Entrée. Ẹ tẹ ọfà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé yín. Ẹ tẹ F1 àti F5 pẹ̀lú. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ di Ctrl mú, kí ẹ sì tẹ c, láti jáde. Ẹ kọ echo $TERM, kí ẹ wo orúkọ tí terminal yín ń jẹ́.

Ẹ dáhùn wọ̀nyí pẹ̀lú bíìrò:

Kí ni ^[ dúró fún?

Kí ló dé tí ètò ìkọ̀wé fi ń dúró lẹ́yìn tí ó bá gbọ́ Esc, tí kò sì ń wo aago nígbà tí ó bá gbọ́ 225?

Akọ̀wé kan rí D nínú ìlà kan tí kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Bọ́tìnnì wo ni ó tẹ̀?